Àwọ̀ Funfun Ni Mo Ń Rà

Mo fẹ́ fi páálí wàrà kan hu irúgbìn, ìyẹn ni mo ṣe mú àlùmọ́gàjí, tí mo gé orí rẹ̀ sọnù. Páálí wàrà álímọ́ńdì ni. A ti mu inú rẹ̀ tán, mo sì ti dojú rẹ̀ délẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó lè ro tán. Ìgbà tí mo yọjú wo inú rẹ̀, mo rí nǹkan kan tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó funfun, ó ki, ó rí bí ẹfun tí ènìyàn pò mọ́ omi. Mo fi ìka họ ọ́, mo tọ́ ọ wò. Kò dùn, kò korò, ó kàn ń ṣe ṣàkàṣàkà lórí ahọ́n ni.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti bàjẹ́. Ìgbà tí mo ka ẹ̀yìn páálí náà ni mo tó mọ ohun tí mo fi ìka họ. Kálísíọ̀mù ni. Kálísíọ̀mù tí mo tìtorí ẹ̀ ń ra wàrà náà, tí mo ti fọkàn balẹ̀ láti bí ọdún mẹ́rin pé egungun mi ń jẹ, ìdí páálí ló ń sùn sí. Bí a bá ti mu wàrà tán, a ó ju òun náà nù pẹ̀lú páálí. Wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ìdérí pé kí a gbọ̀n ọ́n dáadáa kí a tó dà á. Èmi kì í gbọ̀n ọ́n. Ta ló ń gbọn mílíìkì?

Ọjọ́ yẹn ni mo jókòó bi ara mi léèrè ohun tí mo ń rà gan-an. Mo ti pa wàrà màlúù tì, mo ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tíì mi ṣì ń funfun bó ṣe ń funfun tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti parí lójú mi. Àwọ̀ funfun ni mo ń rà.

Inú ló lé mi kúrò nídìí wàrà. Mo ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá mu ife wàrà kan láàárọ̀, kò ní ju wákàtí kan àbọ̀ lọ tí inú á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, á wú bí ẹni tó gbé ìlù mì, lẹ́yìn náà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló kù. Mo fura sí ata. Mo fura sí ẹ̀wà. Mo tiẹ̀ fura sí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, torí ọjọ́ ìpàdé ló máa ń le jù. Wàrà nìkan ni n kò fura sí. Ohun tí ènìyàn ti ń mu kó tó hu eyín, ta ni yóò kà á mọ́ ọ̀tá?

Dókítà tí mo lọ rí kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe bàbàrà. Ó ní kí n pa wàrà tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n wá mu ún padà, kí n wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì náà tòrò minimini. Ọjọ́ tí mo mu ún padà, ẹni tó jókòó tì mí ń gbọ́ ohùn inú mi.

Ṣúgà kan wà nínú wàrà tó ń jẹ́ lactose. Ṣúgà méjì ló so mọ́ra wọn nínú rẹ̀, glucose àti galactose, ìfun kò sì lè gbà wọ́n wọlé bí nǹkan kan ò bá kọ́kọ́ já wọn kúrò lára wọn. Ohun tí ń já wọn ni lactase, tí ara ń ṣe nínú ìfun kékeré. Ọmọ ọwọ́ ní i dáadáa. Bí wọ́n bá ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, torí kò rí ohun tó tún fẹ́ fi ṣe mọ́. Lactose tí kò rí ẹni já a á wá kọjá lọ sí ìfun ńlá, á máa fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ibẹ̀ á sì bò ó bí ẹni tó débi àsè. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Omi yẹn ló ń di ìgbẹ́ gbuuru, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń wú inú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé èyí kì í ṣe àìsàn. Nínú ènìyàn 100 káàkiri ayé, nǹkan bí 68 ni ara wọn kì í lè da lactose dáadáa. Àwọn tó ń mu wàrà títí wọ́n fi ń hu ewú, tí inú wọn ò sọ nǹkan kan, àwọn gan-an ni tiwọn ṣàjèjì: wọ́n jogún ìyípadà kan lọ́dọ̀ àwọn baba ńlá wọn tó ń sin màlúù, òun ni kò jẹ́ kí lactase wọn ṣíwọ́. Èmi ti ń rò pé mo ní àléébù.

Ká sòótọ́, kò yẹ kí n sá tó bí mo ṣe sá. Àwọn onímọ̀ tí NIH, àjọ tó ń rí sí ìwádìí ìlera ní Amẹ́ríkà, kó jọ ní 2010 sọ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní irú ìṣòro mi lè mu gíráàmù 12 lactose lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn bí ife wàrà kan, kó má sì yọ wọ́n lẹ́nu púpọ̀, pàápàá bí wọ́n bá mu ún mọ́ oúnjẹ. Wàràkàṣì líle tó ti pẹ́ nílẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní lactose nínú mọ́. Mílíìkì màlúù tí wọ́n ti po lactase mọ́ láti ilé iṣẹ́ náà wà. Ó máa ń dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí ṣúgà méjì tí wọ́n já yẹn dùn ju lactose lọ. Òun ni mo kọ́kọ́ sá sí. Òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó mi sí wàhálà tí n kò ní gbàgbé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi fún òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Bó ṣe fẹ́ jáde, ó ní, "Má gbàgbé o, ara ẹ̀ kọ wàrà." Mo ní, "Bíi tèmi náà ni, mo mọ̀ ọ́n." Ó fi báàgì pẹlẹbẹ kan sílẹ̀, abẹ́rẹ́ wà nínú ẹ̀. Mo rò pé àṣejù ìyá ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo da mílíìkì tèmi, èyí tí kò ní lactose, sí oúnjẹ ọmọ. Kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tó fi ní, "Àǹtí, ẹnu ń yún mi." Mo wo ojú rẹ̀. Ètè òkè ti wú, ó yọ síwájú bí ti ẹni tí oyin ta. Kí n tó rí fóònù mi, ọrùn rẹ̀ ti sú, ó sì ti ń wúkọ́ kan tó ń há.

"Kí lo fún un?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mílíìkì tèmi ni o, èyí tí wọ́n ti yọ lactose…"

"Abẹ́rẹ́ dà? Fi gún un ní itan, báyìí báyìí. Má bọ́ ṣòkòtò, gún un lórí aṣọ. Kí o wá pe áńbúláǹsì."

Mo fi gún un. Ní nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà, ọmọ náà ti jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ń bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ní kátúùnù níbẹ̀. Èmi ni n kò lè dìde lórí àga.

Ara tèmi kò ní ohun tí yóò fi já ṣúgà inú wàrà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ọmọ yẹn, púrótéènì inú wàrà gan-an ló ń bá jà, casein àti whey, ó kà wọ́n sí ọ̀tá tó wọ̀lú. Wọ́n yọ lactose, wọn ò yọ púrótéènì. Bí èmi bá ṣèèṣì mu wàrà, inú á run mí, ojú á tì mí. Bí òun bá mu ún, ọ̀nà ọ̀fun lè dí. Wàrà ewúrẹ́ kò gbà á sílẹ̀, torí púrótéènì tirẹ̀ jọ ti màlúù jù. Àwọn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń bù sí kọfí, tí wọ́n kọ "non-dairy" sí lára, ìyẹn ni pé kò ní wàrà nínú, sodium caseinate máa ń wà nínú òmíràn nínú wọn, casein ni ìyẹn náà. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun kì í mu wàrà, mi ò tún ní ká mu wò mọ́. Mo máa ń béèrè ohun tó ń lé e.

Mo da mílíìkì tó kù sínú páálí yẹn nù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wàrà tí kò ti ara ẹranko wá. Álímọ́ńdì ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó fúyẹ́, ó mọ́ lẹ́nu, páálí rẹ̀ rẹwà. Mo ń dà á sórí oúnjẹ àárọ̀, ebi á sì ti máa pa mí kí aago mẹ́wàá tó lù. Mo tún di ẹ̀bi náà ru ọ̀gá mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ife wàrà màlúù kan, mílílítà 240, máa ń ní púrótéènì tó nǹkan bíi gíráàmù 8 àti kálísíọ̀mù tó bíi mílígíráàmù 300. Ife wàrà álímọ́ńdì kan ní púrótéènì gíráàmù 1 péré. Ìdí rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn páálí níbi tí wọ́n to ohun tó wà nínú ẹ̀ sí: omi ló ṣáájú, álímọ́ńdì tẹ̀ lé e, nínú ọ̀pọ̀ wọn kò ju ìdá 2 tàbí 3 nínú 100 lọ. Álímọ́ńdì fúnra rẹ̀ ní púrótéènì dáadáa. Ẹ̀kúnwọ́ álímọ́ńdì tí èmi ìbá jẹ lórí ìjókòó ní púrótéènì ju ife wàrà rẹ̀ lọ fíìfíì. Omi tí álímọ́ńdì wẹ̀ nínú rẹ̀ ni mo ń mu, tí wọ́n wá bu kálísíọ̀mù sí, tí èmi náà kì í wá gbọ̀n.

N kò sọ pé kò dára o. Fún ẹni tó ń jẹ ẹyin, ẹja, ẹran, tó kàn fẹ́ kí tíì òun ní àwọ̀, álímọ́ńdì ti tó o. Àmọ́ ọmọ tó jẹ́ pé wàrà ló fi ń rí ìdá tó pọ̀ nínú púrótéènì òòjọ́ rẹ̀, tàbí àgbàlagbà tí oúnjẹ ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí a bá fi álímọ́ńdì rọ́pò fún un láìfi nǹkan mìíràn kún un, a ti rẹ́ ẹ jẹ.

Yorùbá tí mo ń sọ pàápàá kò ràn mí lọ́wọ́. Ohun tó ń jáde lọ́mú ìyá ẹni, omi la pè é: omi ọmú, omi ọyàn. Èyí tó jáde lọ́mú màlúù là ń pè ní wàrà. Èyí tí wọ́n wá fún jáde lára èso igi tí kò lọ́mú rárá, wàrà lòun náà ń jẹ́. Ní oṣù kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹjọ́ kan tó kan ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì tó ń jẹ́ TofuTown, ó ní ohun tó bá jáde lára ẹranko nìkan ló lè jẹ́ wàrà lórí páálí ní ọjà wọn, kí èyí tó kù máa jẹ́ ohun mímu. Wọ́n sì tún ní àwọn tí òfin yọ sílẹ̀: wàrà àgbọn wà nínú wọn, álímọ́ńdì náà sì rí orúkọ náà lò ní èdè Faransé àti ti Sípéènì. Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbé ìlànà kan jáde ní oṣù kejì 2023 fún àgbéyẹ̀wò, pé kí wọ́n máa pè é ní wàrà lọ, ṣùgbọ́n ó máa dára kí wọ́n kọ ọ́ sí ara páálí bí èròjà kan bá wà tí kò tó ti wàrà màlúù. Ti Amẹ́ríkà ni mo fara mọ́. N kò tíì rí ẹni tó rò pé màlúù ló fún álímọ́ńdì. Ibi tí mo ti ṣì ni ohun tó wà nínú ẹ̀, orúkọ kò sì lè gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn.

Sóyà ló yí mi lọ́kàn padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo sá fún jù. Púrótéènì ife rẹ̀ kan máa ń tó gíráàmù 7 tàbí 8, ó bá ti màlúù dọ́gba tàbí kó kù díẹ̀. Ìlànà oúnjẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún 2020 sí 2025, nínú gbogbo wàrà tí kò ti ara ẹranko wá, sóyà tí wọ́n fi kálísíọ̀mù àti fítámì A àti D kún nìkan ló kà mọ́ ìdílé wàrà. Àwọn tó kù, wọ́n ní kí a mu wọ́n bó bá wù wá, kí a má kàn fi wọ́n sí ipò wàrà.

Òórùn rẹ̀ ló jẹ́ kí n máa sá. Òórùn ẹ̀wà tútù yẹn, èròjà kan nínú ẹ̀wà sóyà ló ń fà á nígbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tí omi sì kàn án. Bí wọ́n bá fi omi gbígbóná lọ̀ ọ́, á dín kù púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé kò gbọ́dọ̀ mu ún láìsè, torí nǹkan kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ara da púrótéènì, iná ló ń pa á. Kí onítọ̀hún má sì kúrò nídìí ìkòkò. Wàrà sóyà máa ń hó ẹ̀tàn: kó tó hó ní ti òótọ́, á ti ru sókè gùdù, á sì ti dé orí iná. Mo ti nu sítóòfù mi lẹ́ẹ̀mẹta nítorí èyí.

Àwọn ọkùnrin ló tún ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lè mu ohun tó máa fún òun lọ́mú. Ohun tó ń sọ ni isoflavone, èròjà inú sóyà tó jọ họ́móònù obìnrin ní ìrísí, tí agbára rẹ̀ sì kéré jọjọ sí ti họ́móònù gidi. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ yẹ̀ wò, wọn ò rí i pé sóyà ń dín testosterone, họ́móònù ọkùnrin, kù. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́, ó mi orí, ó sì bu tíì rẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa sóyà ni kọfí. Ẹ da á sínú kọfí tó ń hó, ẹ ó rí i tó dì kókó kókó lójú yín, bí ẹni pé ó ti kan. Kò kan o. Kọfí ní ekan díẹ̀, ekan yẹn pẹ̀lú ooru ló ń mú púrótéènì sóyà gbá jọ. Ẹ jẹ́ kí kọfí tutù díẹ̀, ẹ lọ́ wàrà wọ́rọ́, kí ẹ wá máa da kọfí sínú wàrà díẹ̀díẹ̀ dípò kí ẹ da wàrà sínú kọfí. Páálí tí wọ́n kọ "barista" sí, ìyẹn èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún kọfí, máa ń ní èròjà kan, dipotassium phosphate lọ́pọ̀ ìgbà, tó ń rọ ekan náà lójú. Mo máa ń rí àwọn tó ń bẹ̀rù orúkọ yẹn. Èmi ò bẹ̀rù rẹ̀, kókó inú kọfí ni mo ń sá fún.

Óòtì ni gbogbo ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀ báyìí, mo sì mọ ìdí rẹ̀, ó dùn mọ́ kọfí ju gbogbo wọn lọ. Ìtàn rẹ̀ tiẹ̀ kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, onímọ̀ oúnjẹ kan ní Yunifásítì Lund ní Súwídìn, Rickard Öste, ń wá ohun tí ẹni tí inú rẹ̀ kò gba lactose lè máa mu. Ó rí i pé bí a bá lọ óòtì mọ́ omi, tí a fi enzyme kan sí i, irú ohun tó ń já nǹkan bíi lactase, sítáàṣì inú rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́, kò ní dì bí ọ̀dà mọ́, á ṣàn. Ohun tí sítáàṣì ń dà nígbà tó bá fọ́ ni ṣúgà tó ń jẹ́ maltose. Ìdí nìyẹn tí páálí óòtì fi lè kọ ọ́ sára pé àwọn ò fi ṣúgà kún un, kó sì tún máa dùn lẹ́nu. Irọ́ kọ́, wọn ò bu ṣúgà sí i, inú ìkòkò ni wọ́n ti bí i. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní láti wo iye ṣúgà tó wà lórí páálí, kó má wo ohun tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ síwájú. Púrótéènì rẹ̀ kò ju gíráàmù 2 sí 3 nínú ife kan lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ gluten, púrótéènì inú àlìkámà, kó wá èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní gluten, torí óòtì àti àlìkámà máa ń pàdé lóko àti nílé ìlọ̀.

Mo gbìyànjú láti ṣe tèmi nílé. Mo rẹ óòtì mọ́jú, mo dà á sínú bùlẹ́ńdà, mo lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ ata, ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, mo dà á sínú aṣọ funfun, mo fún un títí ọwọ́ fi ro mí. Ohun tó jáde ń fà bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí mo bá gbé ṣíbí sókè, á so rọ̀ láti ẹnu ṣíbí dé inú ife, kò ní já. Mo gbé e fún aládùúgbò mi, ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ mu ún ná." Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé gbogbo ohun tí mo ṣe ni kò yẹ kí n ṣe. Omi tútù nini, kò sí rírẹ, ìṣẹ́jú-àáyá 30 péré nínú bùlẹ́ńdà, kí a dà á sórí asẹ́, kí a má fún èèrí rẹ̀ rárá. Tipátipá ló ń mú kó fà. Àmọ́ èyí tí a ṣe nílé, bó ti wù kó dára tó, kò ní kálísíọ̀mù kankan tí ẹnikẹ́ni fi kún un, kò sì ní fítámì B12. Mo ń ṣe é nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ṣe é ní oògùn.

Àwọn tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu mi. Wàrà àgbọn inú páálí yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú agolo: ti agolo ki, ọ̀rá kún inú rẹ̀, ti sísè ni, ti páálí ti di omi, púrótéènì rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Wàrà òfió dùn, Valencia ní Sípéènì ni wọ́n ti sọ ọ́ di olókìkí lórúkọ horchata, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń bu ṣúgà sí i níbẹ̀. Wàrà pea, èyí tí wọ́n ń yọ láti ara ẹ̀wà aláwọ̀ ìyeyè, ni púrótéènì rẹ̀ sún mọ́ ti sóyà, òun sì ni mo ń júwe fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ sóyà àti èso inú èèpo papọ̀. Ìrẹsì ni kì í sábà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, síbẹ̀ kì í ṣe fún ọmọdé. Ìrẹsì máa ń fa arsenic, májèlé kan, láti inú ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ní kí wọ́n má fi wàrà ìrẹsì rọ́pò wàrà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo àwọn wàrà tí mo ń kà sílẹ̀ yìí tó lè dípò omi ọmú tàbí oúnjẹ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ṣe fún un. Oúnjẹ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fi sóyà ṣe wà, àmọ́ òun àti wàrà sóyà inú páálí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, dókítà ló sì yẹ kó yàn án.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí yẹn, ẹ̀yìn páálí ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Mo ń wá kálísíọ̀mù tó tó mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 100, kó lè bá ti màlúù mu. Mo ń wá fítámì D àti B12. Mo ń wá áyódíìnì, ohun tí n kò ronú kàn rí, torí wàrà màlúù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rí i láìmọ̀, díẹ̀ nínú wàrà inú páálí ló sì ní i. Ìbẹ̀ ni mo ti rí ohun kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Èyí tí wọ́n kọ "organic" sí, ìyẹn èyí tí wọn ò fi kẹ́míkà oko gbìn, tí mo máa ń nawọ́ gán nítorí pé mo rò pé òun ló dára jù, kò ní kálísíọ̀mù kankan tí wọ́n fi kún un. Òfin Yúróòpù kò gbà kí wọ́n bu kálísíọ̀mù sí irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ kí ó sì tún jẹ́ organic. Àwọn kan gbìyànjú láti fi ewéko òkun kan tó kún fún kálísíọ̀mù sí i, kó lè dà bí oúnjẹ lásán. Ilé ẹjọ́ wọn sọ ní oṣù kẹrin 2021 pé ìyẹn náà kò lọ. Nínú gbogbo páálí tó wà lórí pẹpẹ, èyí tó mọ́ jù ló ṣófo jù.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ayé ló gbé wọn kúrò nídìí wàrà, inú wọn kò run wọ́n rí. Ìwádìí ńlá kan tí àwọn onímọ̀ méjì, Poore àti Nemecek, gbé jáde ní 2018 ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ: lítà wàrà màlúù kan ń ná ayé ní gáàsì amáyégbóná tó nǹkan bíi kílò 3.2, kò sì sí èyíkéyìí nínú álímọ́ńdì, sóyà, óòtì àti ìrẹsì tó tó ìdajì rẹ̀. Omi ni wọ́n fi ń bú álímọ́ńdì, òótọ́ ni, lítà 371 fún lítà wàrà kan, Kalifọ́níà tí ọ̀dá ń bá fínra ló sì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù láyé. Ti màlúù jẹ́ 628. Ti sóyà jẹ́ 28.

Páálí méjì ló wà nínú fíríìjì mi báyìí. Sóyà wà fún oúnjẹ, óòtì wà fún kọfí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ara rẹ̀ ṣì kọ wàrà, báàgì pẹlẹbẹ yẹn ṣì ń tẹ̀ lé e kiri. Ó máa ń ka ẹ̀yìn páálí fúnra rẹ̀ kó tó jẹ́ kí n bu nǹkan kan fún òun, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí agbẹjọ́rò. N kò bínú. Ó ní ìdí tí kò fi gbà mí gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kà á tán, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti gbọ̀n ọ́n?" Mo ní rárá, kó bá mi gbọ̀n ọ́n. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú páálí náà, ó gbé e sókè orí, ó sì fi gbogbo agbára ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbọ̀n ọ́n. N kò tíì dé ìdérí rẹ̀ pa. Wàrà sóyà ta lu ògiri, ó ta lu fíríìjì, ó ta dé ara àjà, ọmọ náà sì dúró sáàárín rẹ̀ tó funfun láti orí dé ọrùn, kálísíọ̀mù àti gbogbo ẹ̀.